Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà tí ọlọ́pàá ń gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀?

Mọkálíìkì, Owódé Ọ̀yọ́
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tí irú eléyìí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó sọ tirẹ̀ kí n gbọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ oníbàárà. Àṣé ẹrù olè ni. Wọ́n wá mú un ní ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo ènìyàn. Kí n tó wá ẹni tó tà á lọ kí n tó dé tẹ́ṣàn, wọ́n ti gba sítétímẹ́ǹtì lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí kò kàwé kọjá pírámárì! Ọlọ́pàá bi í ní Yorùbá, ó fi Yorùbá dáhùn, ọlọ́pàá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó ní kó buwọ́ lù ú. Ó buwọ́ lù ú. Ó ní òun rò pé tí òun bá ti fọwọ́ sí i, wọn á ní kí òun máa lọ sílé.

Ìgbà tí lọ́yà wá ka ìwé náà fún wa ní kóòtù májísíréètì, a ò gbọ́ orúkọ ẹni tó tà á. A ò gbọ́ iye tó rà á. A ò gbọ́ pé èmi ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tó ń sanwó. Kò ju pé wọ́n bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́yà ní ká ní òun ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá má dé kóòtù.

Ìyá Aláṣọ, Tákíè
Tèmi, ọmọ mi ni wọ́n ń wá, èmi ni wọ́n gbé. Wọ́n ní kí n jókòó títí yóò fi yọjú. Mo ní mo fẹ́ pe lọ́yà. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín: "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi lọ́yà ṣe? Ẹ ò kúkú ṣẹ̀." Mo ní bí mi ò bá ṣẹ̀, kí ni mo wá ń ṣe níbí? Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Mo ń kà á bí mo ṣe ń ka owó fún wọn.

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, Ògbómọ̀ṣọ́
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn dípò ẹlòmíràn.

Ọ̀gá mọkálíìkì, irú sítétímẹ́ǹtì yẹn ni mo rí jù ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó nísàlẹ̀ adájọ́. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ẹni tí wọ́n bá mú láyè láti panu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀, tàbí ẹlòmíràn tó bá fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ gbọ́ "ẹlòmíràn" yẹn dáadáa o. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mi dé ná" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí kóòtù bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni òfin fún wọn láti gbé e débẹ̀.

Ẹjọ́ ò tíì tán ṣá. Bí ọmọ náà bá ní wọ́n fipá gbà á lẹ́nu òun ni, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ gangan dúró, kó kọ́kọ́ gbọ́ ti sítétímẹ́ǹtì náà. Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń sọ ni pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní dúró. Adájọ́ ló máa wò ó bóyá ó ṣe é gbà gbọ́. Kí lọ́yà yín béèrè èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ, bó bá wà. Ẹni tí kò bá sì lówó lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council ní Ìbàdàn. Láti 1976 ni ìjọba ti dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Texas
Níbí, ará ìlú ló ń sọ bóyá ènìyàn jẹ̀bi, àwọn 12 fún ẹ̀sùn ńlá. Júrì ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n fi lẹ́tà pe èmi náà. Àwọn lọ́yà bi wá pé ta ni olè ti jà rí. Mo nawọ́. Wọ́n ní kí n máa lọ, inú mi sì dùn, iṣẹ́ ń dúró dè mí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Clarence Gideon ní Florida. Wọ́n ní ó fọ́lé jalè. Kò lówó lọ́yà, adájọ́ ò fún un, ló bá ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níwájú júrì. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1963, wọ́n ní ìjọba gbọ́dọ̀ wá lọ́yà fún irú rẹ̀. Wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, lọ́yà dúró tì í, júrì ní kò jẹ̀bi. Júrì wà nígbà àkọ́kọ́ náà o.

Akọ̀wé kóòtù
Adájọ́ nìkan ló ń dá a lọ́dọ̀ wa. Ní tèmi, mi ò tilẹ̀ fẹ́ júrì níbí. Ẹni 12 tí ẹ bá kó jọ ní Tákíè, mẹ́ta á jẹ́ àna olùjẹ́jọ́.

Ìyá Aláṣọ
Ẹ lọ kó wọn wá láti Ọ̀yọ́!

Mọkálíìkì
Àwa náà lánàá ní Tákíè o, Màmá.

Ẹ ṣé, Bàbá Akọ̀wé. Ọmọ náà ṣì wà ní Abólóǹgo, nítorí wọ́n ní onídùúró tó nílé ni àwọn ń fẹ́, èmi ò sì tíì kọ́lé. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn ní oṣù kẹwàá 2021? Àwọn tó sá jáde lé ní 800, ẹni tí kóòtù ò tíì dá lẹ́jọ́ ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ ló wà báyìí. Mo ti pe lọ́yà. Ó ní òun máa béèrè èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ ní ìjókòó tó ń bọ̀.