Ìkọ́ wágọ́nù HO ń tú lórí òkè: èwo ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Ìbéèrè (Wágọ́nùMẹ́ẹ̀ẹ́dógún)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wágọ́nù HO mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (ọkọ̀ ojú irin àfiṣeré, ìdá kan nínú 87 ti gidi) ni ẹ́ńjìnnì mi ń fà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá ti gun òkè tán, tó fẹ́ bọ́ sórí títẹ́jú, ìkọ́ á tú láàárín, ìdajì ọkọ̀ á sì yọ̀ padà sísàlẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ṣì ní ìkọ́ oníwo àtijọ́, X2f. Mẹ́fà ní ìkọ́ oníka tí wọ́n fi ike ṣe, bó ṣe bá wọn wá látinú páálí. Márùn-ún tó kù ní Kadee #5, ìkọ́ oníka onírin tí ilé iṣẹ́ Kadee ń ṣe. Wágọ́nù kan tó ní oríṣi kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, ni mo fi so wọ́n pọ̀. Wáyà tó rọ̀ sábẹ́ ìkọ́ tún máa ń há sí oríta irin. Mo fẹ́ sọ gbogbo wọn di oríṣi kan ṣoṣo. Èwo ni kí n rà? Àbí ìkọ́ kọ́ ló ń fà á?

Ìdáhùn (Òṣùwọ̀n)

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Góńgó òkè tí ẹ dárúkọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín. Nígbà tí wágọ́nù iwájú ti wà lórí títẹ́jú, tí ti ẹ̀yìn ṣì ń gun òkè bọ̀, orí ìkọ́ méjèèjì kì í wà ní gíga kan náà mọ́. Ọ̀kan á máa yọ̀ sókè lára èkejì. Bí wọ́n bá jọ ga dọ́gba tẹ́lẹ̀, ìyẹn kò tó nǹkan. Bí ọ̀kan bá ti rẹlẹ̀ ju èkejì lọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, góńgó òkè ló máa tú wọn.

Ní HO, àárín orí ìkọ́ gbọ́dọ̀ fi 25/64 ínǹṣì ga ju orí irin lọ, ìyẹn bíi mìlímítà 9.9. Ojú kò lè wọn èyí, rúlà náà kò sì tó. Òṣùwọ̀n Kadee #205 ni kí ẹ lò. Irin ni, nítorí náà ẹ pa iná ojú irin kí ẹ tó gbé e lé e, kó má baà so irin méjèèjì pọ̀. #206 ni èyí tí kì í gbé iná. Ẹ gbé e síbi tí irin ti tọ́ tó sì tẹ́, kí ẹ ti wágọ́nù kọ̀ọ̀kan dé ẹnu rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn.

Bí orí ìkọ́ bá rẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ìka gbé e wò. Bó bá ń fì sókè sódò, inú àpótí ìkọ́ ló gbòòrò jù tàbí ọmọrí rẹ̀ ló ti dẹ̀: ẹ dè é padà, tàbí kí ẹ fi ègé ike tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ọrùn ìkọ́. Bí kò bá mì, ara wágọ́nù fúnra rẹ̀ ló rẹlẹ̀. Wọ́ṣà fáíbà tó nípọn 0.010 tàbí 0.015 ínǹṣì, láàárín bógì (férémù tó gbé ẹsẹ̀ wágọ́nù) àti ara wágọ́nù, ló máa gbé e sókè. Ẹ wo ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ 33 ínǹṣì lára ọkọ̀ gidi jẹ́ bíi mìlímítà 9.6 ní HO, ti 36 jẹ́ 10.5; bí wọ́n bá ti fi ọ̀kan dípò èkejì, ara wágọ́nù á ti fi bíi mìlímítà 0.4 kúrò níbi tó yẹ.

Bí ìkọ́ bá ga jù, àwọn kan máa ń fi fáìlì ha ibi tí bógì jókòó sí. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí ohun tí ẹ bá ti ha kò ṣeé dá padà. Ìkọ́ kan wà tí ọrùn rẹ̀ ga ju àárín orí rẹ̀ lọ. Òun ló ń mú orí wá sísàlẹ̀. Èyí tí ọrùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ń ṣe òdì kejì rẹ̀.

Ìdáhùn (Ìka_Ìkọ́)

Bó ṣe rí nìyẹn, gíga ló ṣáájú. Ní ti èyí tí ẹ máa rà, X2f ni kó kọ́kọ́ kúrò. Kò lè so mọ́ oníka, bí ẹ bá sì ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn, ńṣe ni ó máa ń ti wágọ́nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí èyí tó fúyẹ́ á fi yẹ̀ lójú irin.

Ìkọ́ oníka onike: spring tó di ìka rẹ̀ mú náà, ike ni. Bó bá pẹ́, agbára rẹ̀ á dín kù, ìka á sì máa ṣí bí ẹrù bá wúwo. Ọkọ̀ kúkúrú kì í jẹ́ kí ẹ mọ̀. Nígbà tí wágọ́nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá rọ̀ mọ́ ọn lórí òkè, tí ó sì wà nítòsí ẹ́ńjìnnì, ẹ máa mọ̀.

Nítorí náà, ti irin ni kí ẹ lò: Kadee #148. Orí òun àti ti #5 jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ kò sì nílò láti yọ márùn-ún tí ẹ ní. Spring #148 wà lára ọrùn rẹ̀, kò nílò spring pẹlẹbẹ tí #5 ń lò, fífi sínú àpótí sì rọrùn jù. #158 lẹ́wà, orí rẹ̀ kéré bíi ti ọkọ̀ gidi, ṣùgbọ́n torí pé ó kéré, kì í gba ìyàtọ̀ gíga púpọ̀. Lórí òkè tí ẹ ń sọ yìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó fi ìkọ́ sínú àpótí, ẹ gé gbogbo ike tó yọ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ fọ́n ẹ̀tù gráfáìtì díẹ̀ sí i (Kadee #231). Ẹ má fi òróró sí i, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì fi gúlúù lẹ ọmọrí pa, torí gúlúù tó ń yára gbẹ máa ń ṣàn wọlé lọ bá ọrùn ìkọ́. Síkúrúù 2-56 ni kí ẹ fi dè é. Ihò tí ẹ máa lu kí ẹ tó gé ojú síkúrúù sí i jẹ́ 0.070 ínǹṣì, bíìtì nọ́ńbà 50. Bí síkúrúù bá le débi tó di ọrùn mú, ẹ dá a padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ti orí ìkọ́ sósì kí ẹ jù ú sílẹ̀; ó gbọ́dọ̀ padà sáàárín fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà sọ́tùn-ún. Bó bá dúró sójú ọ̀nà, ọ̀dà tàbí ike ló ń dí i lọ́wọ́ nínú àpótí.

Ẹ tún wo inú ìka àwọn #5 yín. Spring kékeré tó wà níbẹ̀ máa ń fò jáde, ìka á sì ṣí sílẹ̀. Láti fi òmíràn sí i, ẹ ki ẹnu abẹ tó tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìká spring náà nítòsí ìpẹ̀kun kan. Ẹ fi ìpẹ̀kun kejì bọ èèkàn tó wà lára orí ìkọ́, ẹ fún un pọ̀, kí ẹ bọ èyí tó kù mọ́ èèkàn ara ìka, kí ẹ wá rọra fa abẹ yọ. Inú ọ̀rá tó mọ́ gaara ni kí ẹ ti ṣe é; bó bá fò, ẹ ò ní wá a tì.

Wágọ́nùMẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti wọ̀n wọ́n. Mẹ́ta nínú àwọn onike rẹlẹ̀, orí wọn sì ń fì. #5 kan ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n #5 méjì tó bá òṣùwọ̀n mu ń tú lórí títẹ́jú, níbi tí mo ri òòfà sáàárín irin, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo. Wáyà abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn (Òòfà_àti_Wáyà)

Wáyà yẹn ni òòfà ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìka lè ṣí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ọkọ̀ dáadáa, kò lè ṣí, torí fífà náà ló di ìka pa. Ìgbà tí ìkọ́ bá dẹ̀ ló ń tú. Bí ẹ bá dẹwọ́ iná lórí òòfà, ó tán. Ṣùgbọ́n ó lè dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ dẹwọ́: bí ọ̀pá ẹsẹ̀ wágọ́nù bá jẹ́ irin tí òòfà ń fà, òòfà á já wágọ́nù náà síwájú, á sì tún fà á sẹ́yìn. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré sún mọ́ ọ̀pá náà, ẹ máa rí i. Ẹsẹ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ idẹ ni kí ẹ fi rọ́pò.

Wágọ́nù tó fúyẹ́ ló ń jìyà èyí jù. NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin àfiṣeré ní Amẹ́ríkà, ní kí wágọ́nù HO wọn áúńsì kan, kí ẹ fi ìdajì áúńsì kún un fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan gígùn rẹ̀: ti ínǹṣì mẹ́fà á jẹ́ áúńsì mẹ́rin, bíi gíráàmù 113. Bó bá sì jẹ́ ojú irin tí ọkọ̀ ń sáré kọjá ni òòfà náà wà, ẹ gbé e lọ sí ojú irin ẹ̀gbẹ́.

Ní ti wáyà, ètè pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ #205. Wáyà gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀ láì kàn án. Ẹ tún gíga ìkọ́ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, torí ìkọ́ tó bá rẹlẹ̀ ló ń mú wáyà rẹlẹ̀. Bó bá ṣì ń kàn án, pínsà #237 ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ sókè. Ẹni tó fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́ lè fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ lára orí ìkọ́. Bí ẹ kò bá lo òòfà mọ́, tó jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ fi ń tú wọn, ẹ gé wáyà náà kúrò pátápátá.

Ìdáhùn (ÀpòNEM)

Ẹni tí wágọ́nù rẹ̀ ní àpò NEM 362 (àpò ìkọ́ tó bá ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù mu) kò nílò àpótí tàbí síkúrúù. Kadee #17, #18, #19 àti #20 ló wà fún un, láti èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù. Ẹ fi #18 sí wágọ́nù méjì, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ rọra tì wọ́n gba kọ́ọ̀nà tó ká jù lọ lójú irin yín. Bí igun wọn bá kan ara wọn, ẹ bọ́ sí #19. Bí àyè bá pọ̀ jù láàárín wọn pẹ̀lú #18, ẹ dán #17 wò.