Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kakum pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kó wọn lọ sí Gánà nígbà ìsinmi ọdún Àjíǹde. Owó bàálù èèyàn márùn-ún kọjá agbára wa, Sienna wa la máa wà lọ.

Afárá olókùn inú igbó Kakum, nítòsí Cape Coast, làwọn ọmọ rí lórí fóònù, wọn ò sì jẹ́ ká gbádùn mọ́. Àkọ́bí mi ti yà á sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀: afárá méje láti igi dé igi. Ibi tó ga jù níbẹ̀ tó nǹkan bí 40 mítà sílẹ̀! Ọmọ ọdún márùn-ún ni àbíkẹ́yìn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti mú ọmọ kékeré gun un rí? Èyí ló ń kó mi láyà sókè jù.

Pásípọ́ọ̀tì wà nílẹ̀, yẹ́lò káàdì náà wà. Ọmọ ECOWAS ò nílò físà fún 90 ọjọ́. Ó ku Brown Card, ìyẹn ìwé adójútòfò ọkọ̀.

Ẹnubodè mẹ́ta la máa kọjá: Sẹ̀mẹ̀ (ká wọ Benin), Hillacondji (ká wọ Tógò) àti Aflao (ká wọ Gánà). Ṣé ká ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà ní Èkó ni, àbí lẹ́nubodè? Oúnjẹ ò ṣòro, mo máa di gààrì, kúlíkúlí àti ẹran díndín dání. Ibi tá a máa sùn ní Lomé ló kù, ibi olówó pọ́ọ́kú tí ọkọ̀ á ti wà nínú ọgbà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi sọ iye tí wọ́n ń gbà.