Kí ni kí n pe ọlọ̀tẹ̀ inú ewì Milton lédè wa?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lítíréṣọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ fẹ́ fi Ìwé Kìíní nínú Paradise Lost, ewì gígùn tí John Milton tẹ̀ jáde ní 1667, ṣe eré ní Yorùbá. Orúkọ olórí àwọn áńgẹ́lì tó bá Ọlọ́run jagun, ẹni tí Milton pè ní Satan, ló dá mi dúró.

Mo kọ́kọ́ pè é ní Èṣù, bíi ti Bíbélì wa. Bàbá oníṣẹ̀ṣe kan tó wá wo ìdánrawò wa ní rárá o, Èṣù kò bá Olódùmarè jà rí, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Òótọ́ ni bàbá sọ, n kò sì ní fi ewì ba òrìṣà jẹ́. Ìbìlísì inú Kùránì ńkọ́? Ìyẹn kọ̀ láti forí balẹ̀ fún Ádámù ni. Ti Milton, ìgbéga Ọmọ Ọlọ́run ló bí i nínú. Mo tún wo àwọn ajogun, ìyẹn àwọn agbára ibi tó ń bá ènìyàn jà, bí Ikú, Àrùn, Òfò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ ẹni iyì rí nínú wọn.

Iyì tí ọlọ̀tẹ̀ Milton ti ní rí yẹn gan-an ni n kò fẹ́ kó sọnù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni omijé dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu kó tó lè bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ ní orúkọ èébú, ta ni yóò gbọ́ ẹkún yẹn?

Ẹ̀yin akéwì àti oníjàálá, orúkọ tàbí oríkì wo ni ẹ mọ̀ fún ẹni ńlá tó ṣọ̀tẹ̀ tó sì ṣubú, tí kì í ṣe orúkọ òrìṣà kankan?