Ṣé mọ́ ẹtu ni kí n kó ìgalà pọ̀ ni, àbí mọ́ màlúù?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti onímọ̀ ẹranko, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Mò ń ya àtẹ àwọn ẹranko oníwo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Lójú ọ̀pọ̀ wa, ìgalà àti ẹtu ló bára tan. Ṣùgbọ́n àwọn onísáyẹ́ǹsì kó ìgalà, bongo àti kudu, àwọn tí ìwo wọn lọ́, sínú Bovinae, ẹ̀ka kan náà tí màlúù àti ẹfọ̀n wà. Ẹtu wà lọ́tọ̀. Nilgai, ẹranko oníwo ilẹ̀ Íńdíà, náà wà nínú Bovinae, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwo tirẹ̀ kò lọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi gan-an, mo sì fẹ́ kó yé àwọn ọmọ náà dáadáa.

Ẹfọ̀n ló wá dí mi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ka ẹfọ̀n pupa inú igbó kìjikìji àti ẹfọ̀n dúdú ńlá ti gúúsù Áfíríkà sí irú kan ṣoṣo, Syncerus caffer. Lọ́dún 2011, Colin Groves àti Peter Grubb, àwọn onímọ̀ ẹranko, yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èwo ni kí n tẹ̀ lé fún ọmọ ọdún 10? Àbí kí n fi méjèèjì hàn wọ́n?