Kí ni sẹ́nétọ̀ lè ṣe gan-an fún àwa tá à ń pẹja ní Ògùn Waterside?

ỌmọÌwópin:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Nílé wa ní Ìwópin, àwọn kan ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja nínú ọ̀sà, ìka ọmọdé ò lè gba ojú àwọ̀n yẹn kọjá, epìyà tí ò tíì ju àtàǹpàkò lọ ni wọ́n ń kó wálẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń po oúnjẹ adìẹ. Àwọn míì tiẹ̀ ń da Gamalin, oògùn apakòkòrò yẹn, sómi lóru. Ààrò méjì ni ìyá mi fi ń yan ẹja tẹ́lẹ̀, adìẹ ti ń yé sínú ọ̀kan báyìí. Ẹnì kan tó fẹ́ ṣe sẹ́nétọ̀ Ogun East wá bá wa, ó ní tóun bá wọlé òun á ṣòfin lórí àwọ̀n, òun á tún fi owó kọ́nsítúẹ́nsì, ìyẹn owó iṣẹ́ àgbègbè tí sẹ́nétọ̀ ń ṣojú fún, kọ́ èbúté àti yàrá yìnyín. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí ìbò wa ló ń wá?

Lọ́yàṢàgámù:
Àbúrò, ìbò ẹ ló ń wá, ìyẹn ò ní kó má ṣe é ṣá. Ẹ wo kọnsitúṣọ̀n 1999, nínú àwọn nǹkan tó jẹ́ ti Àbújá nìkan, nọ́ńbà 29 ni ẹja pípa, àmọ́ wọ́n yọ odò, adágún àti àwọn omi míì tó wà láàárín ilẹ̀ wa kúrò níbẹ̀. Òkun ni ti Àbújá. Ọ̀rọ̀ àwọ̀n inú ọ̀sà yín, ilé aṣòfin Abẹ́òkúta lẹ máa gbé e lọ. Òfin ò sì wọ́n wa, láti 1992 ni òfin ìjọba ológun ti ka fífi májèlé, dínámáìtì àti iná ẹ̀lẹ́tíríìkì pẹja inú odò léèwọ̀, ọdún yẹn náà ni ti òkun jáde. Ta ni wọ́n mú?

Ẹ̀gbọ́nÌkẹ́nnẹ́:
Ẹ jẹ́ n fèsì lórí owó kọ́nsítúẹ́nsì. Owó yẹn kì í wọ àpò sẹ́nétọ̀, ó kàn máa yan iṣẹ́ ni, wọ́n á kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, iléeṣẹ́ ìjọba kan ló máa gbé kọ́ńtíráàtì jáde. Torí náà tó bá ní èbúté, ẹ bi í pé iléeṣẹ́ wo, èló, bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún wo. Tẹ́ ẹ bá ti rí i níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà FOI, ìyẹn lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ń béèrè ìsọfúnni lọ́wọ́ ìjọba, sí iléeṣẹ́ náà, òfin 2011 ní ọjọ́ 7 ni kí wọ́n fi dáhùn, àwọn ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ náà sì ti ń tọpa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 2019. Àwa kàn fẹ́ràn ká máa jó tí wọ́n bá ti pín màṣíìnì ìránṣọ àti ọ̀kadà.

Ìjẹ̀búSeattle:
Níbi tí mo wà yìí, Ted Stevens tó ṣe sẹ́nétọ̀ Alaska, orúkọ òun àti Warren Magnuson ti Washington ni wọ́n fi ń pe òfin ẹja pípa Amẹ́ríkà ti 1976, òfin tó fún wọn láṣẹ lórí ẹja títí dé máìlì ojú òkun 200. Nígbà tó di 1992 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìpín ẹja sọ́tọ̀ fáwọn abúlé etí òkun Alaska, 1996 wọ́n kọ ọ́ sínú òfin. Ẹgbẹ́ 6 ló dúró fún abúlé 65, ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹja òkun kan tí wọ́n ń pè ní pollock, nínú òkun Bering Sea, jẹ́ tiwọn lọ́dọọdún, owó ẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń rán ọmọ níwèé. Kò sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀ gbà á. Irú ìyẹn ni ká máa bi wọ́n.

Lọ́yàṢàgámù:
Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ńláńlá ló ń kó pollock o, ẹja ọ̀sà wa ò tó nǹkan tí wọ́n ń pín báyẹn. Àmọ́ tòkun, a lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, máìlì ojú òkun 5 àkọ́kọ́ létí òkun, òfin ti ní kí tírọ́là, ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nínú òkun, má pẹja níbẹ̀.

ÌyáẸlẹ́jaÌbíadé:
Ẹ ń sọ̀rọ̀ òfin, ẹ ò sọ ti àwọn tó ń lo àwọ̀n wẹ́wẹ́ yẹn. Ọmọ wa ni wọ́n, ọkọ wa ni wọ́n. Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta àwọ̀n tuntun báyìí? Tẹ́ ẹ bá gba tọwọ́ wọn láìfún wọn ní òmíì, òru ni wọ́n á máa lọ. Kí sẹ́nétọ̀ fi owó èbúté yẹn ra àwọ̀n olójú ńlá, kẹ́ni tó bá mú wẹ́wẹ́ wá gba ńlá lọ. Èbúté tá a ní ò tíì wó.

ỌmọÌwópin:
Ìyá wa, ẹ ṣé gan-an, èyí wọlé. Mo máa gbé ti àwọ̀n yẹn lọ sípàdé wa. Ta ló mọ bí mo ṣe lè rí ẹni tó ń ṣojú wa l'Abẹ́òkúta?