Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jàpáàn lọ́dún 2019, kí lojú yín rí?

Akin Nagoya
Ẹ kú ilé o. Ọdún tí Ọba Akihito fi oyè sílẹ̀ fún Naruhito ọmọ rẹ̀ ni mò ń bèèrè. Èyí tójú yín rí gan-an o, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Ibi iṣẹ́ lèmi wà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin nígbà tí Suga, agbẹnusọ ìjọba, gbé pátákó tí wọ́n kọ Reiwa, orúkọ sànmánì ọba tuntun, sí sókè. Ọ̀gá wa tí kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan fóònù ló kọ́kọ́ yọ tiẹ̀ síta.

Ìyá Kẹ́hìndé, Saitama
Ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ni tèmi, láti 27 oṣù kẹrin títí di 6 oṣù karùn-ún. Wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó fún wa níléeṣẹ́ tí mo wà nígbà náà. O ò ṣiṣẹ́, o ò gbowó. Wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n ní ká lọ bá wọn yọ̀ sí ọba tuntun. Owó ilé ò gba ìsinmi! Àwọn ọmọ onílẹ̀ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà ráhùn, kì í ṣe àwa àlejò nìkan. Inú mi ò tíì rọ̀ sí i dòní.

Ọmọ Ìlaròó
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Àwa tá à ń tọ́jú arúgbó ò rí ìsinmi kankan. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa, ayé Ọba Taisho, bàbá bàbá Akihito, ni wọ́n bí wọn. Wọ́n ní Naruhito ni ọba kẹrin tó ṣojú àwọn. Wọ́n sunkún nígbà tí Akihito ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aráàlú nírọ̀lẹ́ 30 oṣù kẹrin.

Moji
Ìwé ìwakọ̀ mi ní Heisei 33, ìyẹn ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n sànmánì Akihito, lòun máa parí. Heisei 33 ò sì wáyé rí 😂

Ṣẹ́gun Yokohama
Bọ́ọ̀lù rọ́gíbì ńkọ́? Ìjì Hagibis wọlé ní 12 oṣù kẹwàá, fóònù gbogbo wa ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, búrẹ́dì àti omi ti tán ní konbini, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké àdúgbò. Lọ́jọ́ kejì, Jàpáàn na Scotland 28-21 ní Yokohama níbí. Gbogbo pápá kọ́kọ́ dákẹ́ fún àwọn tí ìjì pa. Mo wà níbẹ̀.

Akin Nagoya
Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ kejì ìjì? Báwo lẹ ṣe débẹ̀?

Ṣẹ́gun Yokohama
Alẹ́ ni eré náà. Kohoku ni mò ń gbé, mo fẹsẹ̀ rìn ni.

Tolú
Kyoto ni mo wà. 18 oṣù keje, ẹnì kan dáná sun Kyoto Animation, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù àwòrán. Èèyàn 36 ló kú. Mo gbé òdòdó lọ síbẹ̀.

Ọmọ Ìlaròó
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Adé Ọ̀yọ́
Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé ọba Jàpáàn fẹ́ fi oyè sílẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ta ló ṣígbá fún un?”

Moji
Ha! Bàbá ò purọ́.

Ìyá Kẹ́hìndé, Saitama
Kò sẹ́ni tó ṣígbá o. Ẹni ọdún 85 ni wọ́n. Wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2016 pé ara ti ń dara àgbà, ilé aṣòfin sì ṣòfin nítorí tiwọn nìkan. Láti 1817, ọba kankan ò fi oyè sílẹ̀ níbẹ̀.

Adé Ọ̀yọ́
Mo gbọ́, àǹtí. Àmọ́ ní tiwa, ẹni tó bá ti wọ ìpèbí, ààfin ló ti máa wàjà.

Ṣẹ́gun Yokohama
Mi ò gbà. Ọba tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, ẹ jẹ́ ó sinmi. Kí ló burú níbẹ̀?

Àdùkẹ́
Ti Aiko ló dùn mí jù. Ọmọ kan ṣoṣo tí Naruhito bí, òfin ní obìnrin ò lè jọba. Obìnrin mẹ́jọ ló sì ti jọba níbẹ̀ rí, kí òfin 1889 tó dínà.

Adé Ọ̀yọ́
Àwa ò dínà o. Púpùpú jọba l'Óǹdó.

Àdùkẹ́
Lẹ́yìn Púpùpú ńkọ́? Obìnrin wo ló tún di Òṣemàwé?

Adé Ọ̀yọ́
Lóbùn, oyè obìnrin, ṣì wà níbẹ̀. Òun ló ń fi Òṣemàwé jẹ.

Àdùkẹ́
Bùọ̀dá, ẹni tó ń fọba jẹ kọ́ ni mo bèèrè.

Ìyá Kẹ́hìndé, Saitama
Ẹ dá a lóhùn o, ẹ̀yin ọkùnrin.