Ọkọ̀ tó wà lójú kan fún oṣù púpọ̀: báwo lẹ ṣe ń tọ́jú bátìrì tiyín?

Bàbá Kámpà
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Minnesota ní Amẹ́ríkà ni mo wà. Mo ní kámpà kan, ilé kékeré onítáyà tí mò ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sídìí odò nígbà ooru. Tí òtútù bá ti wọlé, ọgbà kan tí mò ń sanwó oṣù fún ni mo máa ń gbé e sí, kò sì síná níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí àpótí bátìrì rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ti wú síta, ike rẹ̀ ti sán, asídì sì ti jẹ irin tó gbé e dúró. Bẹ́ẹ̀ suíìṣì ńlá tó ń gé iná wà ní pípa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ tí ẹ kì í gùn fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, kí lojú yín ti rí?

Ṣadé Ìjẹ̀bú
Ẹ kú ìnáwó o. Ilé orí ilẹ̀ ò tó, ẹ tún lọ ra ti onítáyà.

Kúnlé Oníwáyà
Ẹ̀gbọ́n, suíìṣì yẹn kì í gé gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Houston níbí nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ kámpà, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí gáàsì bá ń jò kì í gba ibi suíìṣì kọjá, ó lọ bá bátìrì tààrà ni. Wáyà búrèèkì pàjáwìrì náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyẹn kì í fa iná àyàfi tí kámpà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń fà á. Ẹ̀rọ gáàsì ní tiẹ̀ kì í sùn. Tó bá ń fa 0.1 A (áḿpíà) péré, 2.4 Ah (áḿpíà lọ́nà wákàtí) ló ń lọ lójúmọ́. Bátìrì 100 Ah á ti dé ìlàjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ sì fi í sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Òtútù ló wá parí iṣẹ́. Bátìrì asídì tó kún dáadáa kì í dì, kódà kí òtútù dé -50 °C, ṣùgbọ́n èyí tí iná inú rẹ̀ ti tán, -7 °C báyìí ti tó o. Omi inú rẹ̀ ló di yìnyín tó fi wú.

Tádé
Kí wọ́n sáà yọ wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì kí wọ́n tó lọ. Ó tán.

Kúnlé Oníwáyà
@Tádé, ọkọ̀ lò ń sọ. Nínú kámpà Amẹ́ríkà, wáyà funfun ló sábà máa ń jẹ́ négétíìfù, dúdú á sì jẹ́ pọ́sítíìfù. Ẹni tó bá tẹ̀ lé àwọ̀ á lọ tú pọ́sítíìfù, tí sípánà rẹ̀ bá sì kan irin, iná á ṣẹ́ sí i lójú. Àmì tó wà lára bátìrì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò. Kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú nǹkankan.

Tádé
Háà. Mo gbà.

Àkànbí Leeds
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo fi Corolla kan sílẹ̀ nílé bàbá wa ní Ìbàdàn, mo ní kí àbúrò mi máa tan án ní gbogbo Sátidé kí bátìrì má baà kú. Ó ní kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n mi. Sátidé kọ̀ọ̀kan, fídíò á dé: ẹ́ńjìnnì ń dún, iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, adìyẹ dúdú kan á rìn kọjá níwájú táyà. Inú mi ń dùn, mo ń fi owó epo ránṣẹ́. Ìyàwó mi ló wá sọ lọ́jọ́ kan pé ṣé adìyẹ yìí kì í sinmi ni, gbogbo Sátidé ló ń gba ibì kan náà kọjá, tó sì ń yíjú wẹ̀yìn bákan náà. Fídíò kan ṣoṣo ni! Kò pẹ́ sí i, ẹnì kan fi fọ́tò ìgbéyàwó kan sórí Facebook láti Ṣakí, ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé ìyàwó rèé, ríbọ́ọ̀nù pupa àti funfun lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ọkọ̀ mi ni. Nígbà tí mo délé, mo yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó tan lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì ò kú rárá. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú.

Ṣadé Ìjẹ̀bú
Adìyẹ yẹn ni mò ń bá kẹ́dùn 😂😂

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ dúpẹ́ o jàre. Ẹ ní kí bátìrì má kú, kò kú.

Rẹ̀mílẹ́kún
Kò yẹ kẹ́ ẹ máa fi rẹ́rìn-ín. Tèmi, ọmọ bùrọ̀dá mi ló fi ń ṣe kábúkábú, mi ò mọ̀ títí ọlọ́pàá fi gbé e. Láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ mi kì í kúrò lọ́dọ̀ mi. Kí bátìrì kú tó bá wù ú.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ sọ òótọ́, owó epo yẹn, ṣé ó ju owó bátìrì tuntun lọ àbí kò jù ú lọ?

Àkànbí Leeds
Má bi mí.

Kúnlé Oníwáyà
Àní ká ní ó ń tan án lóòótọ́, kí èèyàn tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tún pa á, ìpalára ni. Iná tí sítátà fà nígbà tó ń tan ọkọ̀ lè má tíì padà wọlé tán. Ó kéré tán, kó gùn ún jáde fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ wò ó, ẹ ti dá àbúrò yẹn láre. Títí dé Ṣakí ló gùn ún.

Alàgbà Cháàjà
Mo ti ń cháàjì bátìrì ní Agége kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú yín. Ẹ tú u kúrò, ẹ cháàjì í kó kún, ẹ gbé e sílé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lé sìmẹ́ńtì o. Sìmẹ́ńtì máa ń fa iná inú bátìrì mu. Orí pákó ni kí ẹ gbé e lé.

Kúnlé Oníwáyà
Bàbá, ẹ má bínú. Ayé àtijọ́ nìyẹn, nígbà tí àpótí ara bátìrì jẹ́ igi tàbí rọ́bà líle, tí ọ̀rinrin ń gba ara rẹ̀ wọlé. Ike ni ti ìsinsìnyí. Sìmẹ́ńtì ò lè ṣe é ní nǹkankan.

Alàgbà Cháàjà
Ìwọ ti jókòó tì í mọ́jú rí?

Kúnlé Oníwáyà
Bàbá, bátìrì kì í dúró síbi kan kí iná inú rẹ̀ má dín kù, ìbáà jẹ́ orí tìmùtìmù lẹ gbé e lé. Ó máa ń tó 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ooru Agége á sì tún mú un yára sí i. Sìmẹ́ńtì kàn ń gba ẹ̀bi ni.

Rẹ̀mílẹ́kún
Pákó náà ò ṣáà pa á lára. Ẹ jẹ́ kí Bàbá lo pákó wọn.

Màmá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí èyí. Bátìrì inverter ìyá mi ní Abẹ́òkúta, ẹni tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ń bu pure water sí i. Ó ní omi mímọ́ ṣáà ni. Ní báyìí, iná ò lò ju wákàtí kan lọ.

Alàgbà Cháàjà
Lé e lọ. Omi bátìrì ni, èyí tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ tó padà di omi. Pure water ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Kí wọ́n sì má bu asídì sí i o, omi ló ń gbẹ, asídì kì í gbẹ. Ẹ̀yìn tó bá cháàjì tán ni kí wọ́n bù ú, àyàfi tí omi ò bá bo òjé inú rẹ̀.

Kúnlé Oníwáyà
Lórí ìyẹn, mi ò bá Bàbá jiyàn.

Bàbá Kámpà
Ẹ ṣé gan-an. Tí mo bá tú tuntun yìí wọlé, ṣé kí n fi í sínú cháàjì títí ni?

Kúnlé Oníwáyà
Ó sinmi lórí cháàjà. Èyí tó máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 13.2 sí 13.6 V (fóòtì) tí bátìrì bá ti kún, ẹ lè fi í sílẹ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí kì í yé ti iná wọlé, wọ́n á sè é gbẹ ni. Tí ẹ ò bá ní èyí tó dáa, ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. 12.6 V ti kún, 12.2 V ti dé ìlàjì. Tó bá ti wálẹ̀ sí 12.4 V, ẹ cháàjì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ funfun kan á gan mọ́ òjé inú rẹ̀, kò sì ní fẹ́ ṣí mọ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi wákàtí díẹ̀ kúrò nínú cháàjì kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Tádé
Panẹ́ẹ̀lì sólà kékeré lórí òrùlé kámpà ńkọ́?

Bàbá Kámpà
Yìnyín á bò ó mọ́lẹ̀ láti Oṣù Kejìlá. Ta ló fẹ́ gun òkè lọ gbá a?

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ ní kí àbúrò Àkànbí wá. Á fi fídíò ránṣẹ́.

Ṣadé Ìjẹ̀bú
Ẹ ṣáà ra bátìrì lithium kí ẹ sinmi.

Kúnlé Oníwáyà
Òun náà ní tiẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba cháàjì tí òtútù bá ti wálẹ̀ ju 0 °C lọ, yóò bàjẹ́ pátápátá. Bí ìlàjì báyìí lẹ sì máa fi í pamọ́ sí, ẹ má jẹ́ kó kún bámú.

Alàgbà Cháàjà
Lithium tí èèyàn ò lè ṣí wo omi inú rẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?